Eugénie Éboué-Tell, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin Faransé

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1945, àwọn ará Faransé lọ dìbò láti yan àwọn tí yóò jókòó ṣe òfin ńlá tuntun fún ilẹ̀ wọn. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè tó wà lábẹ́ Faransé náà dìbò ní ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ènìyàn 586 ló wọlé, 33 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Kí ìbò náà tó wáyé, kò sí obìnrin kan tí ará ìlú dìbò yàn rí sí ilé aṣòfin Faransé.

Nínú àwọn obìnrin 33 yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Eugénie Éboué-Tell ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará erékùṣù Guadeloupe ló sì rán an lọ. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ orúkọ ìyá yìí rí, bẹ́ẹ̀ àwọn òfin tí wọ́n ṣe nínú ilé tó jókòó sí yẹn kan àwọn bàbá wa ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́.

Ìlú Cayenne ni wọ́n ti bí i, ní oṣù kọkànlá ọdún 1891. Cayenne ni olú ìlú Guyane, ilẹ̀ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tó bá Brazil pààlà, Brazil yìí kan náà tí àwọn ẹbí Àgùdà wa ní Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀. Ní ọdún 1848 ni Faransé fi òpin sí oko ẹrú, ó sì ka àwọn tó dá sílẹ̀ sí ọmọ ìlú Faransé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun gbogbo tó kù nínú ìtàn yìí so mọ́ ọn. Ọkùnrin dúdú tó ń gbé Cayenne tàbí Guadeloupe lè dìbò yan aṣòfin tó ń lọ sí Paris, nígbà tí ọba Kétu gan-an, pẹ̀lú adé lórí, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú ni wọ́n ka ti ọ̀hún sí, ẹni tí a ń ṣàkóso lé lórí lásán ni wọ́n ka tiwa sí.

Bàbá Eugénie, Herménégilde Tell, kì í ṣe ènìyàn kékeré. Guyane ni Faransé máa ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ lọ láyé ìgbà náà, ibẹ̀ sì burú débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó lọ ni kò padà. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìjọba àwọn ẹ̀wọ̀n náà, ó sì gòkè títí ó fi di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀, èyí tí aláwọ̀ dúdú kankan kò ṣe rí. Ọmọ ilé tí wọ́n ti mọ iyì ìwé ni Eugénie. Wọ́n rán an lọ sí Faransé, ó kàwé ní ìlú Montauban, ó sì padà wá di olùkọ́ ní Saint-Laurent-du-Maroni, ìlú tí wọ́n ti ń já àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọdún 1922 ó fẹ́ Félix Éboué, tí òun náà jẹ́ ọmọ Cayenne. Félix ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Oubangui-Chari láti ọdún 1909. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Centrafrique lónìí. Ìyàwó tẹ̀lé ọkọ lọ sínú igbó àti ọ̀dàn ibẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Ginette, àti ọmọkùnrin kan, Charles.

Ohun kan wà nínú ìgbé ayé wọn ní Oubangui tí yóò dùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn Banda tó wà níbẹ̀ ní ìlù onígi kan tí wọ́n ń pè ní linga, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti abúlé kan sí èkejì. Àwọn òyìnbó rò pé ariwo lásán ni, tàbí àmì díẹ̀ bíi agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Félix àti ìyàwó rẹ̀ fetí sí i, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ gan-an ni ìlù náà ń sọ, nítorí pé èdè àwọn ènìyàn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ìlù sì ń tẹ̀lé ohùn yẹn. Eugénie mọ orin dáadáa, ó sì bá ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1935 ni Félix tẹ ìwé jáde lórí èdè tí wọ́n ń fi ìlù àti súfèé sọ. Fún wa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí a sì ti ń gbọ́ dùndún tó ń ki ènìyàn láti kékeré, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n ti gbàgbé èdè baba wọn ní òkèèrè ló padà wá sí Áfíríkà, tí wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. A kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣẹ ìgbà náà ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Oubangui, iṣẹ́ ọkọ gbé wọn lọ sí Martinique ní ọdún 1932, ó gbé wọn wá sí Sudan ti Faransé, èyí tó di Mali, ní 1934, lẹ́yìn náà ó gbé wọn lọ sí Guadeloupe ní 1936. Gómìnà ni Félix jẹ́ ní Guadeloupe, kò sì sí aláwọ̀ dúdú tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ rí nínú ìjọba Faransé. Ọdún méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọdún méjì yẹn ló sì so Eugénie mọ́ àwọn ará erékùṣù náà, àwọn tí yóò wá gbé ìbò wọn fún un nígbà tó bá yá.

Ogun bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Félix jẹ́ gómìnà Tchad. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940 Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ìjọba Pétain ní Vichy sì gbà láti tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun. Jẹ́nẹ́rà de Gaulle sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ogun kò tíì parí. Àwọn gómìnà tó wà ní Áfíríkà ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Tiwa ní Dahomey àti ní Tógò dúró sọ́dọ̀ Vichy. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1940, Tchad kéde pé ọ̀dọ̀ de Gaulle lòun wà, Félix Éboué sì ni gómìnà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó mú ilẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Vichy dá a lẹ́jọ́ ikú láìsí níbẹ̀. De Gaulle ní tirẹ̀ sọ ọ́ di gómìnà àgbà fún gbogbo àárín Áfíríkà tó wà lọ́wọ́ Faransé, wọ́n sì kó lọ sí Brazzaville.

Ní Brazzaville, ìyàwó gómìnà àgbà kò jókòó sí ààfin kó máa gba àlejò nìkan. Ó forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun de Gaulle ṣiṣẹ́, ó sì ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn ológun. Obìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 50 ọdún ni nígbà náà. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ogun fún iṣẹ́ yìí.

Kò sí ìgbà tí wọ́n jọ jẹ èrè ìṣẹ́gun. Félix rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un, ó sì kú ní Káírò ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1944, kí wọ́n tó gba Paris padà. Eugénie di opó.

Ní oṣù kan péré ṣáájú ikú náà, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1944, ìjọba de Gaulle tó wà ní Algiers nígbà náà fọwọ́ sí àṣẹ kan tó fún àwọn obìnrin Faransé ní ẹ̀tọ́ láti dìbò àti láti díje bíi ti ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jà fún un. Láàárín ọdún 1919 sí 1936, ilé aṣòfin àkọ́kọ́ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú ilé kejì kọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ogun ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nítorí pé ọmọ ìlú Faransé ni àwọn ará Guadeloupe, Martinique, Guyane àti Réunion láti 1848, àwọn obìnrin ibẹ̀ jẹ nínú ẹ̀tọ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin Dakar àti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl tún jà kí wọ́n tó rí tiwọn gbà, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1945. Ariwo tí wọ́n pa ló jẹ́ kí ìjọba yí àṣẹ náà padà ní oṣù kẹfà.

Báyìí ni opó Félix Éboué ṣe padà sí Guadeloupe tó sì díje lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn sósíálíìsì. Òun àti Paul Valentino ló wọlé fún erékùṣù náà. Àwọn kan máa ń sọ pé orúkọ ọkọ ló gbé e wọlé. A kò ní sẹ́ pé orúkọ yẹn wúwo ní 1945, nígbà tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí àwọn tó bá de Gaulle dúró. Ṣùgbọ́n orúkọ òkú lè ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn ní ọjọ́ kan, kò lè máa bá a jókòó fún ọdún 13. Bẹ́ẹ̀ ni Eugénie lo ọdún 13 nínú àwọn ilé ìgbìmọ̀ Faransé, láti 1945 dé 1958.

Ta ló bá jókòó níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa? Dahomey àti Tógò papọ̀ ní àyè méjì. Ọ̀kan wà fún àwọn ọmọ ìlú Faransé, bàbá àlùfáà Aupiais ni wọ́n yàn sí i, ó sì kú kí ọdún náà tó parí. Èkejì wà fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú, Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, ló sì gbà á. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló lè dìbò fún àyè kejì yìí: àwọn olóyè, àwọn tó ti ṣe ológun, àwọn akọ̀wé ìjọba àti irú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá wa tó ń tajà tí wọ́n sì ń san owó orí kò sí nínú ìwé ìdìbò.

Ilé aṣòfin ọdún yẹn kò pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1946, ó sọ Guadeloupe, Martinique, Guyane àti Réunion di ẹ̀ka Faransé gan-an, kì í ṣe ilẹ̀ àmọ́dọ̀ mọ́. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó kan àwọn tó rán Eugénie wá. Èyí tó kan wa tẹ̀lé e ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin: òfin tí Houphouët-Boigny gbé wá láti fòpin sí iṣẹ́ ipá ní gbogbo ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ bi àwọn àgbà tó kù nílé léèrè ohun tí iṣẹ́ ipá jẹ́. Aláṣẹ òyìnbó yóò ránṣẹ́ sí baálé pé òun fẹ́ ọkùnrin báyìí báyìí, baálé ó sì kó wọn wá. Wọn a la ọ̀nà, wọn a ru ẹrù, wọn a fi oko tiwọn sílẹ̀ nígbà òjò. Ẹni tó bá kọ̀, pàṣán tàbí ẹ̀wọ̀n ni. Nítorí ìyà yìí àti nítorí kíkó tí wọ́n ń kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun ni ọ̀pọ̀ ará Kétu ṣe kọjá ààlà lọ sí apá Nàìjíríà, tí àwọn ẹbí kan sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí òfin Houphouët-Boigny dé iwájú ilé, kò sí àríyànjiyàn gígùn lórí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá tí bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n oníṣẹ́ àṣekára jókòó láàárín àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, òfin Lamine Guèye tẹ̀lé e, ó sọ gbogbo ará ilẹ̀ òkèèrè di ọmọ ìlú. Lórí ìwé, ọba Kétu àti ará Cayenne di ọgba. Nínú ìdìbò kọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ ìlú ni òfin jẹ́ kó dìbò ní ilẹ̀ wa.

Ará ìlú Faransé kọ òfin ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì tún ìbò dì ní oṣù kẹfà. Eugénie tún wọlé. Nínú ilé yẹn náà ni Léopold Sédar Senghor wà fún Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì fẹ́ Ginette, ọmọ Eugénie, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1946. Ìyá ìyàwó àti ọkọ ọmọ rẹ̀ wá jọ ń jókòó nínú ilé aṣòfin kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àna ní ilẹ̀ wa, ẹ lè fojú inú wo bí Senghor yóò ti ṣe máa kí i láàárọ̀.

Nígbà tí ìbò oṣù kọkànlá ọdún 1946 dé, afẹ́fẹ́ ti yí ní Guadeloupe. Àwọn kọ́múníìsì ló mú àyè méjì nínú mẹ́ta, obìnrin sì ni ọ̀kan nínú wọn, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Gerty Archimède. Eugénie lọ sí ilé kejì, Conseil de la République, láti oṣù kejìlá. Ní ọdún 1947 ilé náà yan Gaston Monnerville ṣe ààrẹ rẹ̀, ọmọ Cayenne ni òun náà. Ibẹ̀ tún ni Jane Vialle wà, akọ̀ròyìn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tó ń ṣojú Oubangui-Chari, ilẹ̀ tí Eugénie ti gbọ́ ohùn linga ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ní 1947 kan náà ni Eugénie fi àwọn sósíálíìsì sílẹ̀, tó sì wọ ẹgbẹ́ RPF tí de Gaulle ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní yíyí ẹgbẹ́ padà, irú èyí tí a ń rí lójoojúmọ́ lóde òní. Lójú tiwa, ó yàtọ̀. De Gaulle ni ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu fún ní 1940. Kì í ṣe ìjọba ni de Gaulle wà ní 1947, kò sí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti pín fún ẹnikẹ́ni. Ó wà lábẹ́ àsìá yẹn nínú ilé kejì títí di 1952, lẹ́yìn náà ó lọ sí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Assemblée de l'Union française, níbi tí àwọn aṣojú Faransé àti ti ilẹ̀ òkèèrè ti ń jíròrò, títí wọ́n fi tú u ká ní 1958.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1949, wọ́n gbé egungun Félix Éboué wọ Panthéon ní Paris, ilé tí Faransé ń sin àwọn ẹni ńlá rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé Victor Schœlcher wọ ibẹ̀, ẹni tó jà títí wọ́n fi fòpin sí oko ẹrú ní 1848. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó dé ibẹ̀ ṣáájú Félix.

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà wo ni obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò? Díẹ̀díẹ̀ ni. Òfin ọdún 1951 fi kún àwọn tó lè dìbò, ó sì ka ìyá ọlọ́mọ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ọmọ méjì tó wà láàyè tàbí tó kú fún Faransé. Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá Alájà tó ń kó ẹrù láti Àjàṣẹ́ lọ sí Èkó, tó mọ ìṣirò ju akọ̀wé lọ, ikùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìdìbò. Òfin oṣù kẹfà ọdún 1956 ló wá sọ pé kí gbogbo ènìyàn dìbò, ọkùnrin àti obìnrin, nínú àpótí kan náà. Oṣù kẹta ọdún 1957 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Dahomey. Lónìí, nínú àyè 109 tó wà nínú ilé aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́, òfin ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ẹyọ kan ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣe òfin yẹn, a sì kọ́kọ́ lò ó nínú ìbò ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2023.

Eugénie Éboué-Tell kò padà lọ gbé ní Cayenne. Ó rí bí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó ti gbé ṣe gba òmìnira ní 1960, ó sì rí Senghor, tí òun àti Ginette ti pínyà nígbà náà, tó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó kú ní Pontoise, ìlú kan lẹ́bàá Paris, ní oṣù kọkànlá ọdún 1972. Ọdún 28 ló fi ṣe opó.